Ohun Tí IICC Kọ́ Mi Lọ́dún 1976

Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó kọ́kọ́ gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà wá sí Nàìjíríà kò borí nínú eré tó kẹ́yìn. Wọ́n nà wọ́n ni. IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn lọ sí Yaoundé lọ́dún 1976, fún àṣekágbá ìdíje àwọn ẹgbẹ́ tó gba ife orílẹ̀-èdè wọn ní Áfíríkà, Tonnerre gbá ẹyọ kan wọlé wọn, wọn ò rí i dá padà títí fèrè fi dún, síbẹ̀ àwọn ló gbé ife wálé. Ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì ni mí nígbà náà, ní Láfẹ́nwá, l'Ábẹ́òkúta. Èmi náà ti di ẹni tó ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ báyìí, irun mi sì ti funfun. Inú ìdíje yẹn ni mo ti kọ́ púpọ̀ nínú ohun tí mo fi ń ṣiṣẹ́, tí mo fi ń bá ènìyàn gbé, mo sì fẹ́ sọ bó ṣe rí kí àwọn tó mọ̀ ọ́n tó tán.

Ẹni tí kò bá sí láyé nígbà náà ò lè mọ bó ṣe yà wá lẹ́nu tó àfi tó bá mọ ohun tí ojú wa ti rí ṣáájú. Gbogbo àwọn aládùúgbò wa ló ti ń gba ife. Oryx ti Douala ní Kamẹrúùnù ló gba ti àwọn ọ̀gá nínú àwọn ọ̀gá, ìyẹn ife àwọn ẹgbẹ́ tó gba líìgì nílé wọn, nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbá a. Asante Kotoko gbé e lọ sí Kumasi lọ́dún 1970. Canon Yaoundé gbà á lọ́dún 1971, Hafia ti Conakry gbà á lọ́dún 1972. Àwa tí a pọ̀ ju gbogbo wọn lọ, tí bọ́ọ̀lù kì í kúrò lẹ́sẹ̀ ọmọ wa láti àárọ̀ dalẹ́, ọwọ́ wa ṣófo. Lọ́dún 1975, Rangers ti Enugu dé àṣekágbá. Àtẹni tó fẹ́ràn wọn àtẹni tí kò fẹ́ràn wọn ló bá wọn gbàdúrà, Hafia ló tún gbé e lọ. Bẹ́ẹ̀, Rangers ni baba nílẹ̀ yìí lásìkò náà. Emmanuel Okala ló ń ṣọ́lé wọn, ọkùnrin tó ga fíofío. Christian Chukwu ló ń darí ẹ̀yìn. Ife Challenge Cup tí gbogbo ẹgbẹ́ ń dù nílé, Rangers ló gbà á lọ́dún 1974, lọ́dún 1975, lọ́dún 1976. Ohun tí àwọn àgbà ń sọ ní ìsọ̀ wa ni pé bí Rangers ò bá rí i ṣe, ta ni yóò ṣe é? Ọ̀rọ̀ wọn mọ́gbọ́n dání. Èmi gan-an gbà wọ́n gbọ́.

Ilé iṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ló ni IICC. WNDC ni wọ́n ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, nígbà tó yá ni wọ́n tún wá di 3SC tí àwọn ọ̀dọ́ mọ̀ báyìí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá pàdé ẹni tó ti tó àádọ́rin ọdún tó sì fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, IICC ni yóò máa pè é títí tí yóò fi kú. Olóyè Lekan Salami, ọmọ Ìbàdàn, ló gbé ẹgbẹ́ náà sọ́kàn bí ẹni gbé ọmọ bíbí inú ẹ̀; orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ pápá ìṣeré Adamásìngbà. Ọdún 1976 yìí kan náà ni wọ́n wá pín ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta: Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Oṣù kejì ọdún ni. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn tí Murtala Muhammed kéde rẹ̀ ni wọ́n yìnbọn pa òun náà l'Ékòó. Gbogbo nǹkan rí rúdurùdu. Abẹ́òkúta di olú-ìlú ní ọ̀sán gangan, àwọn kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé IICC ti di ti àwọn ará Ọ̀yọ́, pé kí àwa náà wá tiwa.

Ọ̀gá mi ò fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí oníbàárà kan ń sọ ọ́, tó ń sọ ọ́, ọ̀gá yọrí jáde lábẹ́ ọkọ̀, ó ní, "Ṣé wọ́n pín Muda náà ni?"

Muda Lawal ló ń sọ. Ọmọ Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i. Segun Odegbami náà, Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Jos ló dàgbà sí, kó tó wá kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Pólì Ìbàdàn. Ernest Okonkwo, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lórí rédíò, ló sọ ọ́ ní Mathematical, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára títí dòní. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Odegbami ni àwa ọmọṣẹ́ ń pè ní tiwa, ó ti kàwé jù fún wa. Muda ni tiwa. Mẹkáníìkì ni Muda kó tó di agbábọ́ọ̀lù tí gbogbo ayé mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, torí ó ṣe pàtàkì sí mi ju ohunkóhun lọ nínú ìtàn yìí: ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù láàárín gbùngbùn fún IICC, tó bá àwọn Green Eagles, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà, lọ sí ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ní Etiópíà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn nígbà tí wọ́n gbé ipò kẹta wálé, ó ti di sípánà mú bí a ṣe ń dì í mú, ọ́ìlì dúdú ti wọ èékánná rẹ̀ bó ṣe wọ tiwa. Lásìkò tí àwọn òbí bá fẹ́ dẹ́rù ba ọmọ tí kò kàwé, iṣẹ́ wa ni wọ́n máa ń fi dẹ́rù bà á. "Màá mú ọ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì!" A máa ń gbọ́ ọ, ó sì máa ń dùn wá. Nítorí náà nígbà tí wọ́n bá dárúkọ Muda lórí rédíò, ẹ ó rí i tí gbogbo wa máa nàró.

Rédíò náà, ti ọ̀gá ni. Owó bátìrì kéékèèké rẹ̀ ti sú u, ló bá yọ wáyà méjì jáde lẹ́yìn rẹ̀, pupa kan, dúdú kan, ó sì ń so wọ́n mọ́ bátìrì ọkọ̀ èyíkéyìí tó bá wà nílẹ̀. Èmi ni mo máa ń mójú tó wáyà pupa. Mo ní láti fi bébà há a mọ́ orí bátìrì kó má baà já, omi kíkan inú bátìrì a sì máa jẹ mí ní ìka. Àpá rẹ̀ ṣì wà lára àtàǹpàkò mi. Bí ẹ bá wo ìsọ̀ wa lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù, ẹ ó rí géńdé ọkùnrin bíi mẹ́wàá, awakọ̀, ọlọ́pọ́ńpù, ẹni tó wá ra èlò, gbogbo wọn kúnlẹ̀ yí bátìrì kan ká.

Ìròyìn pé Zamalek ti na IICC ní Káírò, góòlù méjì sí òdo, dé bá wa lẹ́nu iṣẹ́. Ìpele tó ṣáájú àṣekágbá ni. Zamalek kì í ṣe ẹgbẹ́ kékeré, Íjíbítì ti ń gbá bọ́ọ̀lù káàkiri àgbáyé nígbà tí a ò tíì gba òmìnira. Gbogbo ìsọ̀ dákẹ́. Àwọn tó ti sọ tẹ́lẹ̀ pé kò lè ṣeé ṣe wá ń sọ̀rọ̀ kiri pé a ò gbọ́ràn. Ẹ́ńjìnnì Peugeot 404 kan wà nílẹ̀ tí a tú palẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ti sun ọ́ìlì títí ó fi gan pa. Ọ̀gá pè wá jọ sídìí rẹ̀. Ó mú àwọn èyí tó ti bàjẹ́ sápá kan, ó mú àwọn èyí tó ṣì dára sápá kejì, ó ń kà wọ́n bó ṣe ń gbé wọn. Àwọn tó dára pọ̀ ju àwọn tó bàjẹ́ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Ó ní, "Méjì ni wọ́n jẹ wá. Wọn ò jẹ wá ní mẹ́wàá. Ẹni tó bá jẹ gbèsè méjì, méjì ni yóò san." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Méjì náà ni wọ́n san. Nígbà tí Zamalek wá sílé wa, IICC gbá méjì wọlé, wọn ò gbà kí wọ́n gbá ẹyọ kan. Ohun tí mi ò lè gbàgbé nínú eré náà ni pé wọn ò kánjú. Ẹni tó bá jẹ gbèsè góòlù méjì, ohun tó sábà máa ń ṣe ni pé yóò sáré síwájú bí ẹni tí a fi iná sí ní ìdí, wọ́n á gbá ẹ̀kẹta wọlé ẹ̀yìn rẹ̀, ilé á sì tú. Asọ̀rọ̀ orí rédíò ń pe orúkọ àwọn ará ẹ̀yìn léraléra, Samuel Ojebode wà níbẹ̀, Best Ogedegbe wà lẹ́nu ilé. Wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ra kí wọ́n tó jáde lọ gbẹ̀san. Nígbà tí àkókò tán, ọ̀mì ni gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, ló bá di pẹnáritì.

Ibẹ̀ ni bátìrì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ohùn rédíò ń lọ sílẹ̀. Ọ̀gá ní ká fi iná sí ọkọ̀ náà kí bátìrì lè gba agbára. A fi iná sí i, ariwo ẹ́ńjìnnì wá bo ohùn asọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. A pa á. A tún fi iná sí i. Bí a ṣe gbọ́ pẹnáritì náà nìyẹn, ẹyọ kan a gbọ́, ẹyọ kan a ò gbọ́, àfi ìgbà tí ariwo sọ láti òdìkejì afárá, láti ibi tí àwọn tí rédíò wọn dára ju tiwa lọ wà, ni a tó mọ̀ pé IICC ti borí. Mo rí ọ̀gá mi tó fò sókè. Ọkùnrin tí ojú rẹ̀ le, tí kì í bá wa ṣeré. Ó fò sókè, ó sì dì mọ́ oníbàárà tó ní kí a wá ẹgbẹ́ tiwa.

Tonnerre ti Yaoundé ló kù. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò fi fọkàn sí i síbẹ̀síbẹ̀, àwọn ni wọ́n ni ife náà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbá ìdíje àwọn tó gba ife orílẹ̀-èdè wọn ní Áfíríkà, lọ́dún 1975, Tonnerre ló gbà á. Roger Milla wà láàárín wọn. Àwọn ọmọdé tó mọ Milla, ijó tó jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àsíá ní Ítálì lọ́dún 1990 ni wọ́n mọ̀, nígbà tó ti di àgbà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni lọ́dún 1976, ọdún yẹn gan-an ni wọ́n sì yàn án ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní gbogbo Áfíríkà. Ẹni tí àwọn ọmọ wa fẹ́ lọ kò nìyẹn.

Mẹ́rin sí ẹyọ kan ni wọ́n na Tonnerre nínú eré ti ilé. Mi ò ní irọ́ kankan láti pa níbí: láti ẹ̀kejì lọ, mi ò gbọ́ rédíò mọ́, ariwo ló kù. Awakọ̀ kan tú àpò ọsàn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí gbogbo wa máa mu. Ọ̀gá nìkan ni kò bá wa jó. Ẹyọ kan tí wọ́n gbá wọlé wa ló ń rò. Ó ní bí wọ́n bá gbá mẹ́ta sí òdo fún wa níbẹ̀, mẹ́rin-mẹ́rin ló máa jẹ́, ẹyọ kan tí wọ́n gbá nílé wa yẹn ló sì máa gbé wọn borí, kò ní yàtọ̀ sí pé a ò gbá nǹkan kan.

Lóòótọ́, wọ́n gbá ẹyọ kan ní Yaoundé. Ẹ wo bí ìṣẹ́jú ṣe máa ń gùn tó! Góòlù kan ti wọlé, méjì ló kù kí gbogbo èrè ti ilé di asán, ogunlọ́gọ̀ àwọn ará ibẹ̀ ń hó lórí rédíò, asọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Wọn ò gbá ẹ̀kejì. Fèrè dún. Ọmọ kékeré kan wà láàárín wa nígbà náà, kò tíì pẹ́ tí ìyá rẹ̀ mú un wá, ó gbọ́ pé wọ́n ti na IICC, ló bá bú sẹ́kún. Gbogbo wa ń jó, òun ń sunkún. Ọ̀gá fà á mọ́ra, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó fà á sára ilẹ̀kùn ọkọ̀ kan: mẹ́rin lápá kan, méjì lápá kejì. Ó ní kó kà á. Ọmọ náà kà á, ó tún un kà, ojú rẹ̀ wá là.

Àwọn ará Enugu náà gba tiwọn lọ́dún kejì, mo sì kí wọn tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n àwa la kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò kà kún. Ọdún 1976 yẹn náà ni IICC gba líìgì Nàìjíríà.

Mo ti sọ pé mo fi ẹ̀kọ́ yẹn jẹun. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Nígbà tí mo gba fíríìdọ̀mù tí mo dá dúró, Ìta-Òṣìn ni mo gbé ṣọ́ọ̀bù mi sí. Mo ti ń rọ́wọ́ mú níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ní wọ́n fẹ́ fẹ títì, katakata sì gba orí ilé pákó mi kọjá. Wọn ò sanwó kankan fún mi. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a jọ wà níbẹ̀ ló lọ sílé lọ́jọ́ náà tí wọn ò padà sẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Èmi jókòó sórí táyà, mo sì ń kà. Pákó lọ. Páànù lọ. Ilẹ̀ tí mo ti san owó rẹ̀ lọ. Ní apá kejì: àpótí sípánà mi wà, jáàkì wà, ọkọ̀ oníbàárà kankan ò bàjẹ́ torí mo ti gbé wọn kúrò, ìwé tí mo kọ orúkọ àwọn oníbàárà sí wà lápò mi. Àwọn tó dára pọ̀ ju àwọn tó bàjẹ́ lọ. Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọkọ̀ ṣe lábẹ́ igi òdán kan, ẹnikẹ́ni ò sì gbà mí níyànjú, torí mi ò nílò rẹ̀. Mo ti gbọ́ Káírò.

Ti Yaoundé ló le jù láti kọ́, mo sì rí i pé ọ̀pọ̀ èèyàn ò kọ́ ọ rárá. Ẹni tó bá gbọ́dọ̀ borí lójoojúmọ́ kì í pẹ́ tí yóò fi pàdánù gbogbo rẹ̀. Ọlọ́kọ̀ kan wà tó ní akẹ́rù mẹ́rin. Mo ṣe ẹ́ńjìnnì ọ̀kan fún un, ríǹgì tí wọ́n tà fún mi ò dára, ọkọ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú èéfín kó tó dé Ṣágámù. Mo lè bá a ṣàròyé pé kì í ṣe ẹ̀bi mi, òótọ́ ni, mi ò ṣe ríǹgì. Ṣùgbọ́n mo tú ẹ́ńjìnnì náà palẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, mo fi owó ara mi ra ríǹgì mìíràn, mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó mi bínú sí mi lóṣù náà, ó sì ní ẹ̀tọ́, torí a fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí owó ilé-ẹ̀kọ́ san. Ọkùnrin yẹn ò gbé akẹ́rù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn mọ́ títí tó fi fi iṣẹ́ ọkọ̀ sílẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì ń wá sọ́dọ̀ mi. Wọ́n nà mí lóṣù yẹn. Ó dára bẹ́ẹ̀.

Mo tún fẹ́ dárúkọ ọ̀rọ̀ ọmọṣẹ́ mi kan, láìdárúkọ ọmọ náà. Ilé-ẹ̀kọ́ ti rán an padà sílé kó tó wá bá mi, kò lè ka ìwé, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ ń parí lọ, ìyá rẹ̀ wá pé òun fẹ́ mú un lọ síbi iṣẹ́ mìíràn, pé ó dà bí ẹni pé kò sí ohun tó ń wọ̀ ọ́ lórí. Mo ní kó jókòó. Mo ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó kù fún yín." Mo sọ fún un pé ọmọ náà ní etí. Bí ọkọ̀ bá wọlé, kí n tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, á ti sọ fún mi pé tápẹ́ẹ̀tì ló ń dún, tàbí pé bẹ́árìn omi ló ti ń jẹ, kì í sì í ṣìnà. Ẹni tó ka ìwé dé yunifásítì ò lè gbọ́ nǹkan yẹn. Mo wá sọ ìtàn Zamalek fún un. Ó gbọ́ mi parí, ó ní, "Ẹ ṣeun, sà. Mi ò mọ̀ nípa bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní ó ní etí, màá fi í sílẹ̀ fún yín." Ó ti gba fíríìdọ̀mù rẹ̀ tipẹ́. Ẹ́ńjìnnì dísù ló ń ṣe ní Ìbàdàn báyìí, àwọn awakọ̀ tírélà sì ń wá a láti ọ̀nà jíjìn.

Kì í ṣe pé dídùn ni gbogbo rẹ̀ látìgbà náà o. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1977, IICC pàdé Rangers nínú ìdíje kan náà, ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá. Wọ́n gbá a lẹ́ẹ̀mejì, ẹnikẹ́ni ò gbá góòlù, ó di pẹnáritì, Rangers ló kọjá. Rangers lọ na Canon Yaoundé, wọ́n gbé ife náà lọ sí Enugu. Ó dùn mí dọ́kàn. Mo rántí pé mi ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Àmọ́ wá wo ọdún 1980. Nàìjíríà ò tíì gba ife orílẹ̀-èdè Áfíríkà rí. Wọ́n gbé ìdíje náà wá sí Èkó, a dé àṣekágbá, Algeria la sì bá. Ọjọ́ 22 oṣù kẹta, pápá Surulere kún dẹ́nu. Mẹ́ta sí òdo la fi nà wọ́n: Odegbami gbá méjì, Muda Lawal gbá ẹyọ kan, Best Ogedegbe ló ṣọ́lé. Gbogbo góòlù ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ ọmọ IICC ló ti wá. Felix Owolabi tó gbá ẹyọ kan ṣoṣo tí a fi na Morocco ká tó dé ibẹ̀, ọmọ IICC lòun náà nígbà yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ife Èkó bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó. Àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn ti mọ bí ọkàn ṣe ń rí nígbà tí wọ́n bá jẹ gbèsè góòlù méjì, wọ́n ti dúró síwájú ogunlọ́gọ̀ Yaoundé. Ẹ̀rù wo ló tún kù tí Algeria fẹ́ fi bà wọ́n?

Muda gbá bọ́ọ̀lù ní ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà márùn-ún léra, láti 1976 dé 1984. Ọjọ́ 6 oṣù keje ọdún 1991 ló kú. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì ni. Mo ti ṣọ́ọ̀bù mi nígbà tí mo gbọ́, mo sì rán àwọn ọmọ lọ sílé. Wọn ò mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, mi ò sì bá wọn wí sí i. Best Ogedegbe náà kú lọ́dún 2009. Inú mi kì í dùn tí mo bá rí i bí a ṣe ń gbàgbé wọn kíákíá. Orúkọ agbábọ́ọ̀lù Gẹ̀ẹ́sì wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ Márúwá gbogbo l'Ábẹ́òkúta yìí, orúkọ Muda ò sí lára ẹyọ kan tí mo rí. Mo ti sọ fún ẹni tó ń kun kẹ̀kẹ́ ládùúgbò wa pé owó èmi ló máa fi kọ ti àkọ́kọ́.

Zamalek ò sì gbàgbé wa. Lọ́dún 1984 wọ́n pàdé wa ní àṣekágbá ìdíje àwọn ọ̀gá, wọ́n nà wá ní Káírò, wọ́n tún nà wá nílé. Ibẹ̀ ni Odegbami ti fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. A gba ife CAF, ìdíje mìíràn tí àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà dá sílẹ̀, lọ́dún 1992, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbá a, lọ́wọ́ àwọn ará Uganda, ìyẹn tu wá nínú díẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1996, Zamalek la tún bá ní àṣekágbá ti àwọn ọ̀gá. A nà wọ́n méjì sí ẹyọ kan níbí, wọ́n nà wá méjì sí ẹyọ kan níbẹ̀, ó di pẹnáritì gẹ́gẹ́ bíi ti ọjọ́sí, àwọn ló borí. Mo lọ sílé ọ̀gá mi lọ́jọ́ kejì láti lọ bá a kẹ́dùn. Ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà náà, ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, ó jókòó síta pẹ̀lú rédíò tó ń lo bátìrì kéékèèké báyìí. Mo ní, "Bàbá, ẹ kú ìrora àná." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ogún ọdún ni wọ́n fi gba gbèsè pẹnáritì wọn padà. Ìgbà wo lẹ máa lọ gba tiyín?"